Orógbó, Kímò àti Ọkàn Aláìsàn

Pupa ni doxorubicin. Ó wà lára oògùn jẹjẹrẹ tí àwọn èèyàn ń pè ní kímò, àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọyàn sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Láti ara kòkòrò àìfojúrí inú erùpẹ̀ ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti rí i, ọdún 1974 sì ni Amẹ́ríkà fàṣẹ sí i. Ó ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là, àmọ́ ó máa ń ba ọkàn jẹ́.

Bó bá wọ sẹ́ẹ̀lì ọkàn, òun àti irin inú ibẹ̀ á jọ sọ atẹ́gùn ọ́síjìn di èròjà oníjàgídíjàgan tó ń bu sẹ́ẹ̀lì jẹ. Ẹ̀dọ̀ ní ohun ìjà púpọ̀ láti kápá irú èròjà bẹ́ẹ̀. Ti ọkàn kò tó nǹkan. Sẹ́ẹ̀lì ọkàn tó bá sì ti kú, agbára káká ni òmíràn fi ń dípò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń ṣírò gbogbo èyí tí aláìsàn ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwádìí kan lọ́dún 2003 fi hàn pé bí àròpọ̀ náà bá dé 400 mílígíráàmù fún mítà onígun mẹ́rin ara, nǹkan bí ẹni 5 nínú 100 ni ọkàn wọn kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ mọ́. Bó bá dé 550, wọ́n á di 26.

Ibí ni orógbó ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn ti ń wádìí kolaviron, èròjà inú orógbó tó ń paná jàgídíjàgan yẹn. Nígbà tí wọ́n fún àwọn eku ní kolaviron pẹ̀lú doxorubicin, ọkàn wọn kò bàjẹ́ tó ti àwọn tó gba doxorubicin nìkan. Ìwúrí ńlá ni, pé èso tí a fi ń sọmọ lórúkọ lè ní irú agbára bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe èèyàn. Ọ̀pọ̀ eku tí wọ́n fi ń dán irú nǹkan báyìí wò ni kò tilẹ̀ ní jẹjẹrẹ lára. Ìbéèrè tó le jù sì nìyí: ohun tó ń dáàbò bo ọkàn, ṣé kò ní dáàbò bo jẹjẹrẹ náà? Lọ́dún 2020, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lórí aláìsàn 1,134 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn fi hàn pé ó jọ pé àrùn náà ń padà sára àwọn tó lo oògùn oníhóró fítámì C, E àti irú wọn, tí àwọn náà ń paná jàgídíjàgan yẹn, ṣáájú kímò àti nígbà kímò ju àwọn tí kò lò ó lọ.

Dexrazoxane ni oògùn tí àwọn dókítà ní lọ́wọ́ báyìí láti fi dáàbò bo ọkàn àwọn aláìsàn kan. Ẹni tó bá ń gba kímò, tó sì ń jẹ orógbó tàbí tó ń mu àgbo nílé, kó sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó gba èyí tó kàn. Kí dókítà náà má sì jágbe mọ́ ọn.