Kẹ̀kẹ́ Ológeere: Bí A Ṣe Ń Yàn Án, Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Gùn Ún Láìsí Ìnira



 Bí ọdún Iléyá bá ti kù fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ òbí máa ń ra kẹ̀kẹ́ fún àwọn ọmọ wọn. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, kẹ̀kẹ́ ti di ohun tí wọ́n ń sá aṣọ lé. Ọmọ ní ìdí ń dun òun, bàbá ní orúnkún kò jẹ́ kí òun gùn ún, ìyá ní ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òun. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹjọ́ ẹni tó gùn ún kọ́ nìyẹn. Ẹjọ́ kẹ̀kẹ́ tí kò bá ara ẹni mu ni, tàbí èyí tí wọn kò yẹ̀ wò dáadáa kó tó bọ́ sójú ọ̀nà.

Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ Abdullāh ọmọ ʿAmr pé ara ẹni ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́rùn ẹni, nígbà tó gbọ́ pé ó ń gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń fi gbogbo òru kírun. Òun fúnra rẹ̀ bá ìyàwó rẹ̀ Āʾishah (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) sáré ìje. Nítorí náà, eré ìdárayá nínú ilé Mùsùlùmí kì í ṣe àṣà tuntun. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà máa lo ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, fún iṣẹ́ ara tó ń mú kí èémí yára díẹ̀. Ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò wákàtí kan lójúmọ́. Kẹ̀kẹ́ wúlò púpọ̀ fún ẹni tó sanra tàbí tí orúnkún rẹ̀ kò gba eré sísá, nítorí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ìwúwo ara, kì í ṣe orúnkún.

Bí ẹ bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, gíga rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kí ẹni tó fẹ́ gùn ún gba orí irin àárín kẹ̀kẹ́ fi ẹsẹ̀ kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì tẹ ilẹ̀ dáadáa. Bí àyè bí ìka méjì tàbí mẹ́ta bá wà láàárín irin náà àti abẹ́ rẹ̀, ó bá a mu. Bí irin bá ti ń kàn án lábẹ́, ó ga jù. Fún ọmọdé, ẹ má ra èyí tí ẹ retí pé yóò dàgbà bá. Bàtà tó tóbi kàn lè bọ́ lẹ́sẹ̀ ọmọ ni, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tó ga jù máa ń gbé e ṣubú. Nọ́ńbà tó wà lára táyà, 16, 20, 24 tàbí 26, ni ìwọ̀n rẹ̀ ní íǹṣì. Ọmọ ọdún 5 sábà máa ń lo 16, ọmọ ọdún 7 tàbí 8 a lo 20, ọmọ ọdún 10 a lo 24. Síbẹ̀, gíga ọmọ ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n, ẹ má wo ọjọ́ orí nìkan.

Fún àwọn ìyá àti àwọn ọmọbìnrin, èyí tí irin àárín rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ ni mo fara mọ́. Ó rọrùn láti gùn, ó rọrùn láti sọ̀ kalẹ̀, aṣọ gígùn kì í sì í há sí i. Àwọn kan ṣì ń bèèrè bóyá ó yẹ kí obìnrin Mùsùlùmí gun kẹ̀kẹ́. Ẹ bi ààfáà yín. Lójú tèmi, aṣọ tí a wọ̀ àti ibi tí a ti ń gùn ún ni ọ̀rọ̀ wà.

Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tí à ń rí rà. Kò burú, àwọn kan nínú wọn lágbára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tàn yín jẹ. Ẹ fi ọwọ́ pa ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, pàápàá lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí níbẹ̀, irin ti ń sán nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹ wo irin ẹlẹ́ka méjì tó di táyà iwájú mú. Síwájú ló yẹ kó tẹ̀ sí. Wọ́n a máa yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń kó o sínú kọ̀nténà, ẹni tó tò ó níhìn-ín sì lè gbàgbé láti dá a padà. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa ṣe ségesège lọ́wọ́ ẹni.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí nípa bíréèkì tòkunbọ̀, ó sì lè fa jàǹbá. Kẹ̀kẹ́ tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún ni bíréèkì táyà iwájú sábà máa ń wà. Èyí tó wá láti Jámánì tàbí Amẹ́ríkà, ọwọ́ òsì ni. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tó ti ilẹ̀ Dutch wá, inú pẹ́dà ni bíréèkì ẹ̀yìn wà: bí a bá wa pẹ́dà sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ á dúró. Ẹ wá fojú inú wo ọmọ tó ti mọ kẹ̀kẹ́ kan, tó wá gun ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó fún bíréèkì tó rò pé ti ẹ̀yìn ni mọ́ ọwọ́ lójijì, táyà iwájú dúró gbagidi, ọmọ sì gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ. Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe ìlú tó tẹ́jú, òkè àti ìsàlẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe gbé wáyà gbogbo kẹ̀kẹ́ ilé yín sí ọwọ́ kan náà, kí ẹ sì kọ́ ọmọ láti máa fún bíréèkì méjèèjì pa pọ̀, díẹ̀díẹ̀. Nítorí òkè yìí kan náà, kẹ̀kẹ́ tó ní gíà dára fún àgbàlagbà níhìn-ín. Ẹ yí i sí gíà tó rọrùn kí ẹ tó dé ẹsẹ̀ òkè, ẹ má dúró di ìgbà tí agbára bá ti tán.

Ìjókòó ló ń fa púpọ̀ nínú ìrora. Ẹ jókòó lórí kẹ̀kẹ́, ẹ fara ti ògiri, ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Bí ẹ bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ wà á bó ṣe yẹ, orúnkún á kákò díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìjókòó tó lọ sílẹ̀ jù ló ń dá orúnkún lóró, èyí tó ga jù ló ń mú kí ìdí máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ má fà á sókè kọjá àmì tí wọ́n fín sára ọ̀pá rẹ̀. Kí ó tẹ́jú. Bí imú rẹ̀ bá gbé sókè, á máa tẹ iṣan abẹ́, ara ibẹ̀ á sì máa kú. Bí abẹ́ bá ń kú, ẹ dìde lórí ìjókòó fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe nígbà tí ẹ bá délé. Ẹni tí kò bá lọ títí di ọjọ́ kejì, kó lọ rí dókítà, kó má tijú.

Ní ti afẹ́fẹ́, ọdún 1888 ni John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran kan ní Belfast, gba ìwé àṣẹ lórí táyà oníafẹ́fẹ́. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe é fún, nítorí rọ́bà líle tí wọ́n ń lò nígbà náà ń gbo ọmọ jìgìjìgì. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí táyà ń fẹ́ wà lára rẹ̀, ẹ kà á fún fọkanáísà. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ni ó ń lò, ó yára jù fún túbù kékeré, nítorí náà ẹ sọ fún un kó máa fún un ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ kún dẹ́nu sínú oòrùn ọ̀sán.

Ṣéènì ń fẹ́ àkísà ju bó ṣe ń fẹ́ ọ́ìlì lọ. Ẹ nù ún, ẹ kán ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ sí i bí ẹ ṣe ń yí pẹ́dà sẹ́yìn, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún nu èyí tó kù sójú rẹ̀ kúrò. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà kúrò nínú ẹ́ńjìnì ń kó iyanrìn mọ́ra, ó sì burú jù lásìkò ọyẹ́. Òróró ọbẹ̀ á di lẹ́ẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ṣéènì ti gbó, ẹ fi rúlà wọn án láti orí píìnì kan dé ìkẹrìnlélógún lẹ́yìn rẹ̀. Íǹṣì 12 gééré ló yẹ kó jẹ́. Bó bá ti fi ìdá mẹ́rìndínlógún íǹṣì kan lé e, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó jẹ eyín gíà. Ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì kan ríìmù níbi tí rọ́bà bíréèkì ti ń tẹ̀ ẹ́.

Gíríìsì tó nípọn lábẹ́ èékánná kì í jẹ́ kí omi àlùwàlá dé ara, ó sì gbọ́dọ̀ kúrò ṣáájú ìrun. Òróró díẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọṣọ á yọ ọ́. Àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ṣẹ́ kù kì í ṣe ìdíwọ́. Nítorí ìrun náà ni mo ṣe ń sọ pé mọ́gáàdì kì í ṣe ọ̀ṣọ́: lásìkò òjò, omi gọ́tà tó ń ta sí ẹ̀yìn jalabíà kò ṣeé fọkàn tán. Ẹ ká jalabíà sókè wọ ṣòkòtò, ẹ fi okùn dè é lẹ́sẹ̀, ẹ ki etí híjáàbù sínú aṣọ kó má bàa wọ inú táyà. Híjáàbù tó fẹ́lẹ́ ni kó wà lábẹ́ akoto, kó má sì sí ìdì irun lẹ́yìn orí tí kò ní jẹ́ kó jókòó. Bí ẹ bá délé, ẹ bọ́ aṣọ tó tutù fún òógùn lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sì wẹ̀, nítorí làpálàpá fẹ́ràn abẹ́ itan tó tutù.

Ẹ má fi ọ̀nà Lágéré tàbí Mayfair kọ́ ọmọ, ọkọ̀ àti ọ̀kadà kò ní dúró dè é. Inú ọgbà OAU gbòòrò jù, pàápàá láàárọ̀ Sátidé lẹ́yìn ìrun Àsùbáà tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé. Apá ọ̀tún ni kí ẹ máa gbà, bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, kì í ṣe kí ẹ dojú kọ wọ́n. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí alátọ̀gbẹ fi dàbínù mẹ́ta tàbí mẹ́rin sápò. Bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò ó, kó sọ̀ kalẹ̀, kó jẹ ẹ́, kó sì dúró títí ara yóò fi balẹ̀. Nínú oṣù Ramadan, ó sàn kí ẹ gùn ún fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn Alásárì, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ sì ti padà sílé kí Mọ̀gàríbì tó tó.