Yíyan Táyà fún Katakata Àtijọ́: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Àgbẹ̀ Yẹ̀ Wò Kí Ó Tó Náwó

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lọ́dọọdún, ìgbà àtitúlẹ̀ ti dé nìyẹn. Ní Alímọ̀ṣọ́, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, ilé ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ó jẹ́ oko tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, àwọn olùgbé kan ṣì ń ṣe ọ̀gbìn níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń ti ibẹ̀ lọ dáko ní Badagry, ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìkòròdú tàbí ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ̀ńjìnnì katakata tí ó ti pẹ́ lè ṣì lágbára, ṣùgbọ́n bí táyà rẹ̀ bá bẹ́ láàárín oko, iṣẹ́ dúró nìyẹn, òjò kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí fún ẹ̀yin olùgbé.

Nọ́ńbà tí ó wà lára táyà

Ẹ má ṣe mú orúkọ katakata nìkan lọ sí ọjà. Ẹ ka nọ́ńbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kí ẹ sì fi í wé ohun tí ìwé ìlò katakata náà sọ, nítorí ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ lè ti fi èyí tí kò yẹ sí i. Bí a bá kọ 16.9-30, 16.9 ni fífẹ̀ táyà ní ìwọ̀n íǹṣì, 30 sì ni ìwọ̀n rímù tí yóò wọ̀. Bí ó bá jẹ́ 16.9R30, táyà radial ni. Èyí tí kò ní R ni a ń pè ní bias, òun sì ni ọ̀pọ̀ katakata àtijọ́ ń lò. Radial a máa tẹ́ sórí ilẹ̀ dáadáa, kì í sì í yọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ máa ń ga ju ti bias lọ. A kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan sí apá ọ̀tún kí a fi èkejì sí apá òsì. Bí owó kò bá tó ra mẹ́rin, ẹ ra méjì tí ó jọra fún iwájú, tàbí méjì fún ẹ̀yìn.

Bí ó bá jẹ́ katakata tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, ẹ má ṣe yí ìwọ̀n táyà iwájú tàbí ti ẹ̀yìn padà láìbi mẹkáníìkì léèrè. Bí ìwọ̀n méjèèjì kò bá bára mu, jíà ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹ tún wo ọfà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn: ibi tí táyà ń yí sí nígbà tí katakata ń lọ síwájú ni ó gbọ́dọ̀ kọjú sí, kí ẹrẹ̀ lè máa já kúrò lára rẹ̀.

Ọjọ́ orí táyà

Rọ́bà a máa gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí àmì DOT. Bí ó bá jẹ́ 3523, ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2023 ni wọ́n ṣe táyà náà. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, wọ́n ti ṣe é ṣáájú ọdún 2000. Ẹ má ṣe rà á. Àjọ SON, tí ó ń rí sí ìjójúlówó ọjà, ti sọ pé ọdún 4 ni táyà ń lò láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣe é. Michelin ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà ti ń wá, ó sì lè pẹ́ lójú omi àti nínú ṣọ́ọ̀bù kí ó tó dé ọwọ́ yín. Ní ti tòkunbọ̀, ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọ̀pọ̀ jù lọ irú táyà àlòkù bẹ́ẹ̀ wọlé. Bí ó ti wù kí ó dán tó, bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tàbí tí wáyà bá ti yọ ní etí rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ewu tí ó wà níbi fífún táyà

Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà tí ó mọ iṣẹ́ ṣe é, kí ó kọ́kọ́ ha ìpẹtà kúrò lára rímù, kí ó sì lo túùbù tí ó bá táyà mu. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró lọ́gangan ẹ̀gbẹ́ táyà tí a ń fún, nítorí bí rímù bá já, ó lè pa ènìyàn. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí wẹ́dà jó rímù nígbà tí táyà ṣì wà lórí rẹ̀, bí a tilẹ̀ ti tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀. Ooru iná a máa mú kí rọ́bà tú gáàsì jáde, gáàsì yìí sì lè bú gbàù.

Táyà tí a bọ́

Omi òjò tí ó bá dúró nínú táyà àtijọ́ ni ẹ̀fọn fi ń ṣe ilé. Èéfín táyà tí a dáná sun sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ tò wọ́n sí ibi tí òjò kò lè dé, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ LAWMA tàbí PSP àdúgbò yín bí wọn yóò ṣe kó wọn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. A ń rọ̀ yín pé kí ẹ yẹ táyà wò kí òjò tó dé, kí ẹ sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á fún yín.