Ẹnu Obìnrin, Ohùn Òrìṣà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí a bá mẹ́nu kan iṣẹ́ àyẹ̀wò, babaláwo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rántí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin náà ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ayébáyé, nílé àti lẹ́yìn odi. Ìbéèrè tí ó yẹ kí á gbé yẹ̀ wò ni èyí: bí òrìṣà bá gba ẹnu obìnrin sọ̀rọ̀, ta ni ó ni àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́. Ní Delphi, obìnrin tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Pythia ni agbẹnusọ òrìṣà Apollo. Orí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó máa ń jókòó sí bí òrìṣà bá gùn ún, àwọn ọba a sì máa ti ọ̀nà jíjìn wá bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni àwọn àwòrò tí ń ṣe àkóso ojúbọ náà. Ìdáhùn rẹ̀ a sì máa ní ìtumọ̀ méjì. Ìtàn sọ pé wọ́n sọ fún Croesus, ọba Lydia, pé bí ó bá gbógun ti Páṣíà, yóò pa ìjọba ńlá kan run. Ó lọ, ìjọba tirẹ̀ ni ó parun.

Ti Cassandra, ọmọ Priam ọba Troy, tún burú ju èyí lọ. Apollo fún un ní ẹ̀bùn ìríran. Nígbà tí ó kọ ìfẹ́ òrìṣà náà, Apollo fi í gégùn-ún pé ẹnikẹ́ni kò ní gbà á gbọ́. Ó rí ìparun Troy kí ó tó dé, ṣùgbọ́n wèrè ni wọ́n pè é.

Ní ọ̀dọ̀ Yorùbá, ìtàn sọ pé ọ̀dọ̀ Ọ̀rúnmìlà ni Ọ̀ṣun ti kọ́ ẹ̀rìndínlógún. Tọkùnrin tobìnrin olórìṣà ni ó ń dá a. Ìyálóòṣà a da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún sórí àtẹ, a sì ka iye tí ó dojú sókè. Ẹyọ kan ni Ọ̀kànràn, mẹ́jọ ni Èjì Ogbè. Odù mẹ́tàdínlógún ni ó lè yọ, nítorí pé gbogbo ẹyọ lè dojú bolẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò ki ẹsẹ odù náà. Ẹni tí ó wá ṣe àyẹ̀wò kò ní láti sọ ohun tí ó bá wá; òun fúnra rẹ̀ ni yóò mọ ẹsẹ tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Níhìn-ín, kì í ṣe gígùn ni òrìṣà gun obìnrin náà. Ìmọ̀ tí ó fi ọdún gbọọrọ kọ́ ni ó ń lò, kò sì sí alágbàsọ láàrin òun àti àlejò rẹ̀.

Ẹ̀sìn tuntun kò pa àwọn aríran obìnrin lẹ́nu mọ́. Ní 1918, nígbà tí àrùn ọ̀fìnkìn burúkú jà káàkiri ayé, olùkọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, Sophia Ọdúnlámì, sọ pé òun rí ìran. Ó sì ń fi àdúrà àti omi òjò wo aláìsàn. Òun àti J. B. Ṣadáre wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye lélẹ̀. Ní 1925, Abíọ́dún Akínṣọwọ́n rí ìran ní Èkó. Òun àti Mose Orímọládé ni ó dá Ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀. Àwọn ènìyàn gba ìran rẹ̀ gbọ́, kò rí bíi ti Cassandra. Ipò olórí ni ó di àríyànjiyàn, ẹgbẹ́ náà sì pín sí méjì ní 1929.

Ó hàn gbangba pé ọ̀tọ̀ ni kí á gba ọ̀rọ̀ obìnrin gbọ́, ọ̀tọ̀ ni kí á fi àṣẹ lé e lọ́wọ́. Olùkọ́ tí ó wà ní Ìgbògbò tàbí ní Ìkòròdú kò ní láti dé Delphi kí ó tó fi èyí kọ́ni. Kí ó rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sí àwọn ìyá àgbà nínú agboolé àti nínú ìjọ, kí wọ́n bi wọ́n pé: ta ní ń ríran, ta ní ń túmọ̀, ta ní ń pàṣẹ?