Àjẹsára Ọmọdé àti Ìwọlé sí Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ New York

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe òfin àjẹsára tí ọmọdé gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ni ó sì ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Massachusetts ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1855 láti dènà ṣọ̀pọ̀ná. Ní ọdún 1922, nínú ẹjọ́ Zucht àti King tí ó wá láti ìlú San Antonio ní Texas, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí i pé àwọn aláṣẹ lè kọ̀ láti gba ọmọ tí kò gba àjẹsára sí ilé-ẹ̀kọ́. Ti ìpínlẹ̀ New York, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ń gbé, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí.

Àwọn àjẹsára tí òfin béèrè

Òfin New York de ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ti aládàáni àti ti ẹlẹ́sìn, ó sì de àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ pẹ̀lú. Ọmọ tí yóò wọ jẹ́lé-ó-sinmi gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ alápapọ̀ tí ó ń dènà difitíríà (àrùn tí ń dí ọ̀nà ọ̀fun), ipá àti ikọ́ àwúbì ní ìgbà 5, tàbí ìgbà 4 bí ó bá gba ìkẹrin lẹ́yìn tí ó pé ọmọ ọdún 4. Ti rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ jẹ́ ìgbà 4, tàbí ìgbà 3 bí ó bá gba ìkẹta lẹ́yìn tí ó pé ọmọ ọdún 4. Ti mẹ́dọ̀wú irú B jẹ́ ìgbà 3. Abẹ́rẹ́ alápapọ̀ fún èéyi, ṣegede àti rùbẹ́là jẹ́ ìgbà 2, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti síkínpọ́ọ̀sì, àrùn tí ń mú ìléròrò olómi sọ sí ara. Àwọn tí wọ́n ṣì wà ní ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ tún gbọ́dọ̀ gba àjẹsára Hib (kòkòrò Haemophilus influenzae irú b) àti ti kòkòrò tí ń fa òtútù àyà, nígbà tí ti yírunyírun bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì keje. Ní ìlú New York fúnra rẹ̀, àjẹsára ọ̀fìnkìn líle tí a ń pè ní fúlúù pọn dandan lọ́dọọdún fún ọmọ oṣù 6 sí 59 tí ó wà ní irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Àkókò àti àyè ìyọ̀ǹda

Ọjọ́ 14 ni ọmọ lè fi wá sí ilé-ẹ̀kọ́ láìtíì mú ẹ̀rí àjẹsára wá. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìpínlẹ̀ tàbí orílẹ̀-èdè mìíràn dé, tí òbí rẹ̀ sì fi hàn pé òun ń sapá láti rí ìwé náà gbà, a lè sún un di ọjọ́ 30. Ọmọ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ àjẹsára kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ní ọjọ́ tí dókítà dá fún èyí tí ó kù, lè máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀ rí, òbí lè tọrọ ìyọ̀ǹda nítorí ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n nígbà tí èéyi bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Brooklyn ní ìlú New York ní ọdún 2018, tí ó sì mú ènìyàn 649 ní ìlú náà kí ó tó rọlẹ̀ ní ọdún 2019, ìpínlẹ̀ náà fagi lé àyè yẹn ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2019. Ìyọ̀ǹda nítorí àìlera, tí dókítà gbọ́dọ̀ máa sọ dọ̀tun lọ́dọọdún, ni òfin náà fi sílẹ̀.

Ọmọ tí ó ti Nàìjíríà dé

Káàdì àjẹsára Nàìjíríà wúlò ní New York, nítorí abẹ́rẹ́ alápapọ̀ fún àrùn márùn-ún tí ọmọ ń gbà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 kan difitíríà, ipá, ikọ́ àwúbì, mẹ́dọ̀wú irú B àti Hib. Ṣùgbọ́n àwọn àlàfo kan wà. Abẹ́rẹ́ èéyi oṣù 9 kò wọ inú kíkà, nítorí New York kì í ka èyí tí a gún kí ọmọ tó pé ọdún kan. Ẹ̀kán rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tí a kán sí ọmọ lẹ́nu láti oṣù Kẹrin ọdún 2016 náà kò sí nínú kíkà, torí pé irú kìíní àti ìkẹta kòkòrò náà nìkan ni ó ń dènà, nígbà tí New York ń béèrè ààbò lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kà. Ṣegede àti síkínpọ́ọ̀sì kò sí lára àjẹsára ọ̀fẹ́ ìjọba Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni New York kò béèrè ti ibà pọ́njú tàbí ti ikọ́ ife lọ́wọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́.

Láti ọdún 1994 ni ètò ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kan ti ń pèsè àjẹsára láìgba owó rẹ̀ fún ọmọ tí kò ní ìwé ìbánigbófò ìlera, títí yóò fi pé ọdún 19. Kí òbí tí ń múra ìrìn-àjò mú ojúlówó káàdì ọmọ rẹ̀ dání, pẹ̀lú ọjọ́ tí a gún abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó hàn ketekete lórí rẹ̀, kí ó sì tọ dókítà lọ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó ẹ̀rí níwájú òfin yìí.