Pọ́ǹpù àti Ẹ́ńjìnnì Wa Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ fẹ́ dé. Títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀, pọ́ǹpù tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fi fọ́n oògùn, àti ẹ́ńjìnnì tó ń yí ẹ̀rọ ìpàgbàdo, kò ní í ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé iṣẹ́ ló ń ba irinṣẹ́ jẹ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tó jókòó ló ń bà á jẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú pọ́ǹpù. Bí oògùn apakoríko bá ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, á gbẹ mọ́ ara tánkì àti inú rọ́bà. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ó bu omi sí i láti fọ́n oògùn kòkòrò sí ẹ̀wà. Oògùn koríko tó ti gbẹ yẹn á yọ́ mọ́ ọn. Ewé ẹ̀wà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹ ó sì máa bú ẹni tó ta oògùn fún yín pé ayédèrú ni.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ bu omi tó ìdá kan nínú mẹ́rin tánkì, ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀ sí i, ẹ mì í, kí ẹ sì fọ́n ọn jáde láti ẹnu ọ̀pá. Dídà nù lásán kò tó, nítorí inú ọ̀pá ni oògùn ń sá sí. Ẹ tún fi omi lásán ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Orí oko tí ẹ fọ́n oògùn náà sí tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fọ́n omi yìí sí. Ẹ má ṣe é lẹ́bàá odò tàbí kànga rárá.

Ẹnu ọ̀pá tó bá dí, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi wáyà gún un. Bí ihò náà bá fẹ̀, oògùn á máa ṣòfò. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ti tó. Ẹ dorí tánkì kodò níbòòji láìdé e, jìnnà sí àká oúnjẹ àti yàrá ọmọdé. Oòrùn máa ń mú ike sán.

Ó kan ẹ́ńjìnnì. Bẹntiróò tó bá pẹ́ nínú kábúrétọ̀ máa ń lẹ̀ bí oje igi. Ẹ fa epo inú tánkì jáde níta, níbi tí kò sí iná, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Bó ṣe gbóná díẹ̀ yẹn, ẹ dà ọ́ìlì dúdú jáde, ẹ rọ tuntun sí i. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ ro ọ́ìlì ṣíbí kan sí ihò rẹ̀, ẹ rọra fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó dá púlọ́ọ̀gì padà. Ẹ tún fa okùn díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ti le ni kí ẹ dúró sí. Ó ti pa ilẹ̀kùn inú rẹ̀ dé nìyẹn, ọ̀rinrin kò ní í wọlé.

Ti dísù yàtọ̀ o! Ńṣe ni kí ẹ rọ tánkì rẹ̀ kún, torí bí àyè bá wà níbẹ̀, òtútù òwúrọ̀ á sọ ọ̀rinrin tó wà nínú atẹ́gùn inú rẹ̀ di omi.

Bó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, ẹ yan ẹnì kan ní ìpàdé tí yóò ṣe é. Ẹ́ńjìnnì ẹgbẹ́ ló máa ń jìyà jù, olúkúlùkù á rò pé ẹnìkejì ti fa epo rẹ̀. Kí ẹni náà sì ro àyíká ahéré tó wà kó tó di pé iná ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀.