Ọ̀gágun Kún Ẹgbẹ́, Kúrúùtù Kò Sí

Bí a bá ní kí a fi orúkọ àwọn olórin wa da ẹgbẹ́ ológun sílẹ̀, kò ní pẹ́ kún. General ni Prince Adékúnlé, General náà ni Kollington Àyìnlá. Admiral Délé Abíọ́dún yóò máa darí ọkọ̀ ojú omi, Wàsíù Àyìndé Marshal yóò sì jókòó lé gbogbo wọn lórí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí kúrúùtù tí yóò ru ìlù. Ẹnì kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ìgbọràn lédè Òyìnbó ni Ebenezer Obey, Chief Commander sì ni òun náà. Síkírù Àyìndé tó wọṣẹ́ ológun ní tòótọ́ nígbà ogun abẹ́lé, orúkọ agbẹjọ́rò ló gbé kọ́rùn: Barrister. Òun ni yóò máa parí ìjà nígbà tí àwọn ọ̀gá bá ń du máìkì.

Ẹlòmíràn á ní eré ọ̀lẹ nìyí. Èmi ò gbà. Ẹni tí kò gbọ́ orin, tí kò mọ ìtàn olórin, kò lè ṣe é, nítorí inú ìtàn ni ẹ̀rín rẹ̀ wà. Ará Èjìgbò ni ìbá sì tètè yé jù. Orúkọ oyè ọba wọn, Ògìyán, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń tú u sí iyán, ààyò oúnjẹ òrìṣà funfun tí ìlú náà ń bọ. Nínú ọdún òrìṣà yìí, apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ìlú a máa fi àtòrì na ara wọn: ìjà ni lójú, ìbọ ni nínú. Ìlú tó mọ ogun tí a kì í pa ènìyàn sí kò ní béèrè ìbọn lọ́wọ́ ọ̀gágun onífújì.

Èjìgbò tún láǹfààní mìíràn. Àwọn ọmọ wọn kún Abidjan, Faransé kò sì ṣàjèjì nínú ilé wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú Alpha Blondy wá, ọmọ Côte d'Ivoire tí wọ́n bí ní 1953, tó ń jẹ́ Seydou Koné. Bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe ń pe ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọlọ́ṣà ló di Blondy. Alpha ló fi síwájú fúnra rẹ̀. Létí Yorùbá, ààfáà ni. Ẹ wá fi ààfáà ọlọ́ṣà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Barrister, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wéré tí wọ́n fi ń jí Mùsùlùmí sí sáàrì, tó wá lọ mú orúkọ òkè kan ní Japan sọ orin rẹ̀. Ta ni yóò sùn nínú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹgbẹ́ ojú ọ̀run ńkọ́? Sunny Adé ni oòrùn, Sàhéèdì Òṣùpá wà ńbẹ̀, I.K. Dáíró sì ti ní Morning Star láti 1957. Ìgbà wo ni àwọn mẹ́ta yóò jọ yọ? Síbẹ̀, òtítọ́ ju àròsọ lọ: kí Sunny tó dá Green Spots sílẹ̀, ẹgbẹ́ Moses Oláìyá ló ti ń ta gìtá, Bàbá Sàlá aláwàdà gan-an.

Àtakò tó lágbára ni pé àrífín ni kí a máa fi orúkọ àgbà ṣeré. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kò rí bákan náà. Àyìndé àti Àyìnlá, oríkì ni. Kí á fi wọ́n sílẹ̀. Queen tí Aláàfin fi Sàláwà Àbẹ̀ní jẹ ní 1992, oyè ni, a kì í fi ṣẹ̀fẹ̀. Àmọ́ Admiral àti Marshal, aṣọ tí olórin fúnra rẹ̀ dá ni, ẹni tó dáṣọ ijó kò lè ní kí aráyé má wò ó. Àléébù ara ni kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn.

Ipò akápò nìkan ló kù. Orlando Owoh ń du ú, torí owó wà nínú Owómoyèlà tó gé kúrú. Fàtáì Rolling Dollar náà ń du ú. Fàtáì ni mo dìbò fún: náírà kọ́ ló kó wá.