Oòrùn Ń Pa Wá Lójoojúmọ́, Ṣé Fítámínì D Pé Lára Wa?

Nílẹ̀ wa, bí èèyàn bá sanra, a máa ń sọ pé ayé ń bá a lára mu ni. A ò wá bú ẹnikẹ́ni lónìí. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí àwa tí a tóbi díẹ̀ gbọ́ ni.

Fítámínì D ló ń jẹ́ kí ara rí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ mú lò, kí egungun lè le. Àgbàlagbà tí kò bá ní in tó, egungun á máa ro ó, itan rẹ̀ ò ní lágbára mọ́, àtidìde lórí àpótí á wá di iṣẹ́. Bí oòrùn bá kan awọ ara ni ara fi ń ṣe é. Ó wà díẹ̀ nínú ẹja Titus, sàdíìnì, ẹ̀dọ̀ àti pupa ẹyin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: ọ̀rá ni fítámínì yìí ń bá rẹ́, kì í bá omi rẹ́. Bí ọ̀rá bá pọ̀ lára, púpọ̀ nínú rẹ̀ á lọ sápamọ́ síbẹ̀, ìwọ̀nba ló máa kù sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 2000, àwọn olùwádìí ní Boston, Amẹ́ríkà, kó èèyàn 19 tó sanra àti 19 tí kò sanra jọ, wọ́n tan iná tó ń ṣiṣẹ́ bí oòrùn sí gbogbo wọn lára. Awọ àwọn tó sanra ò ya ọ̀lẹ, ó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Síbẹ̀, bí ti àwọn tí kò sanra bá fi 100 gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, tiwọn ò ju 43 lọ. Oòrùn kan náà o! Àwọn mìíràn ní ó dà bí iyọ̀: ṣíbí kan tó dùn nínú ìkòkò ilé, ẹ dà á sínú ìkòkò òde, ta ló máa mọ̀ pé ẹ fi iyọ̀ sí i?

Àwọn kan wá ń polówó pé àìtó fítámínì D ló ń múni sanra, pé kí ẹ ra oògùn rẹ̀ kí ẹ lè fọn. Ẹ má dá wọn lóhùn jàre. Ní 2013, àwọn onímọ̀ yẹ ohun tí èèyàn tó lé ní 42,000 jogún lára òbí wò. Wọ́n rí i pé sísanra ló ń fa fítámínì náà wálẹ̀. Wọn ò rí ẹ̀rí gidi pé àìtó rẹ̀ ló ń múni sanra. Ẹni tó bá fọn, tirẹ̀ á gòkè díẹ̀.

Ẹnìkan á ní, "Ṣebí inú oòrùn la wà látàárọ̀?" Ṣé inú oòrùn ni lóòótọ́? Agbòòrùn ńkọ́? Páànù ìsọ̀ ńkọ́? Gèlè àti ìborùn ńkọ́? Àwa tí a wà nínú ṣọ́ọ̀bù, oòrùn tó bá gba inú gíláàsì wọlé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Awọ dúdú wa náà sì ń fẹ́ kí oòrùn pẹ́ lára ju awọ funfun lọ. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London ló tiẹ̀ burú jù fún: láti October títí di ìbẹ̀rẹ̀ March, oòrùn ibẹ̀ ò lágbára tó. Ìjọba ibẹ̀ ní kí àgbàlagbà ro ti máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ nígbà òtútù, kí aláwọ̀ dúdú sì rò ó jálẹ̀ ọdún. Bí ẹ bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń lò ó.

Bí egungun bá ń ro yín, tí ìdìde sì ń nira, ẹ sọ fún dókítà kó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ó lè fún ẹni tó sanra ní ju ti ẹni tó fọn lọ, àmọ́ òun ni kó wọ̀n ọ́n. Ẹ má fọwọ́ ara yín rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn nínú bọ́ọ̀sì, torí bó bá pọ̀ jù, kálísíọ̀mù á kún inú ẹ̀jẹ̀, á sì ba kíndìnrín jẹ́.